Àtúnṣe àwo Mister Magic ti Grover Washington Jr.: láti inú omi ìfọ̀ dé inú kọ̀ǹpútà

Ohun tó wà lórí tábìlì

Àwo kan ṣoṣo ni: Mister Magic ti Grover Washington Jr., afunsakisofóònù ará Amẹ́ríkà, Kudu KU-20 (orúkọ ilé iṣẹ́ àwo àti nọ́ńbà rẹ̀), ọdún 1975, ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Orin mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Earth Tones (12:23) àti Passion Flower (5:35), èyí tí Billy Strayhorn kọ, ló wà ní ojú kìíní. Mister Magic fúnra rẹ̀ (9:01), iṣẹ́ ọwọ́ Ralph MacDonald àti William Salter, ló ṣíwájú ní ojú kejì, Black Frost (6:06) sì tẹ̀ lé e. Creed Taylor ni olóòtú, Bob James ló ṣètò orin, Rudy Van Gelder ló sì gbà á sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Englewood Cliffs, ìpínlẹ̀ New Jersey. Bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí orúkọ VAN GELDER tí wọ́n tẹ̀ sí àlàfo tó wà láàrin orin ìkẹyìn àti bébà àárín. Ibẹ̀ ni kí ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀dà ìgbà náà kọ́kọ́ wò, kó tó wo ẹwà páálí.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe kò ju mẹ́ta lọ: ká fọ àwo náà, ká gbà á sínú kọ̀ǹpútà, ká sì yọ ariwo kúrò nínú rẹ̀ láì yọ ohùn sakisofóònù mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta yẹn ni wàhálà wà. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń yọ ariwo kì í mọ ìyàtọ̀ láàrin ibi tí àwo ti ha àti ibi tí ọ̀gá kan ti fi ahọ́n ta fèrè sakisofóònù, àwo tí fèrè jẹ́ olórí rẹ̀ ló sì máa ń jìyà jù lọ́wọ́ wọn.

Àrùn tó wà lára ẹ̀dà yìí: ojú kejì ti bu, ó ní àmì funfun wínníwínní, ìlà kan ha kọjá lórí Mister Magic, etí àwo gbé sókè díẹ̀ ní apá kan, ihò àárín kò sí láàrin gan-an, ibi tí fèrè ti ké sókè ní òpin ojú kìíní sì ń fọ́ díẹ̀ ní sípíkà ọ̀tún. Páálí ìta ti ya, àmọ́ ìyẹn kò kan ohùn.

Ìfọ̀

Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu àwo tó ní eruku. Yanrìn lẹ́búlẹ́bú wà nínú eruku ọyẹ́, bí ẹ bá ṣe ń nù ún lẹ ń fi yanrìn náà ha inú poro, ìyẹn ojú ọ̀nà tín-ín-rín tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀.

Omi ìfọ̀ tí a lò nìyí: omi bátìrì 800 ml, isopropyl alcohol tí kò lábùlà 200 ml, àti ẹ̀kán ọṣẹ olómi méjì péré, èyí tí kò ní òórùn dídùn nínú. Ẹ ṣọ́ra níbi omi bátìrì o. Àwọn ará ibi iṣẹ́ bátìrì mọ́tò a máa ta ásíìdì tí wọ́n ti là sínú irú ike kan náà, ọ̀pọ̀ ló sì ń pe méjèèjì ní omi bátìrì. Èyí tó jẹ́ omi lásán ni kí ẹ bèèrè fún, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ike. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga, nítorí ẹfun inú rẹ̀ máa ń gbẹ mọ́ inú poro. Spírítì aláwọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn náà kò dára, nítorí àwọ̀ inú rẹ̀ kì í bá a gbẹ lọ. Àwo 78 ti ayé àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má fi ọtí kankan kàn án rárá, ọtí máa ń yọ́ ọ ni. Ti onírọ́bà bíi èyí nìkan ni omi yìí wà fún.

Bébà àárín fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. A gé ike pẹlẹbẹ kan ní sẹ̀ǹtímítà 11, a fi bò ó, kí omi má baà dé ibẹ̀. Nǹkan bíi 15 ml tó fún ojú kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun múlọ́múlọ́ tẹ̀ lé bí poro ṣe lọ, ẹ yí i lọ, ẹ yí i bọ̀, ẹ má gbà á ní ìbú láé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, àmọ́ kí ó má gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ máíkírófáíbà gbà á, kí ẹ wá fi omi bátìrì lásán ṣàn án lẹ́ẹ̀méjì. Ṣíṣàn yìí lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ọṣẹ tó bá gbẹ sínú poro ló máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ tí orin á fi máa dún bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí i. Ẹ gbé àwo nàró kó gbẹ, kí ó má sì dojú kọ fáànù, nítorí fáànù á tún kó eruku lé e.

Ojú tó bu gba ìfọ̀ méjì kó tó mọ́. Bébà inú tí àwo náà ti ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹ jù ú nù: ohun tó mú un bu ṣì wà lára bébà náà. Ẹ ra tuntun, èyí tí rọ́bà fẹ́lẹ́ wà nínú rẹ̀.

Etí tó gbé sókè

Gíláàsì pẹlẹbẹ méjì tó nípọn 6 mm, àwo láàrin wọn pẹ̀lú bébà funfun tó mọ́ ní ìsàlẹ̀ àti lókè, ìwé wúwo bíi kílò 10 lórí rẹ̀, nínú yàrá tó móoru ṣùgbọ́n tí oòrùn kò wọ̀. Sùúrù ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá sọ pé kí ẹ gbé e sójú oòrùn tàbí inú ààrò, ẹ má dá a lóhùn. Rọ́bà yìí máa ń rọ̀ kó tó dé ìwọ̀n ooru tí omi fi ń hó, poro náà á sì rọ̀ mọ́ ọn. Etí ti ẹ̀dà yìí kò tẹ́ tán, ó kàn rẹlẹ̀ débi tí abẹ́rẹ́ kò fi fò mọ́. Ìyẹn náà ti tó.

Ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ àti iná

Technics SL-1200MK2 ni tọ́ntébù tí a lò. Mọ́tò rẹ̀ ń fúnra rẹ̀ di eré ìyípo mú, kò ka iye ìgbà tí iná ń yí padà sí. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe kókó nílẹ̀ wa, nítorí ọ̀pọ̀ tọ́ntébù tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe fún 120 V àti 60 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Tiransífọ́mà á sọ 230 V di 120 V, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 Hz di 60. Bí mọ́tò náà bá jẹ́ irú ti àtijọ́ tó ń tẹ̀ lé Hz iná, àwo tó yẹ kó yí nígbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan á máa yí nígbà 27.8, ohùn fèrè á sì wálẹ̀ ju sẹmitóònù mẹ́ta lọ (sẹmitóònù ni ìgbésẹ̀ ohùn tó kéré jù lórí dùùrù). Ẹni tí kò mọ orin náà tẹ́lẹ̀ lè máà fura, á kàn rò pé orin jẹ́jẹ́ ni.

Kátíríìjì, ìyẹn orí kékeré tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, ni Audio-Technica AT-VM95ML. A yàn án nítorí orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì máa ń kan ibi tí abẹ́rẹ́ roboto ti àwọn radiogíràmù àtijọ́ kò dé. Ibi tí àwọn abẹ́rẹ́ wúwo yẹn ti jẹ poro ni ohùn ti fọ́. Ẹ̀gbẹ́ poro tí wọn kò kàn ṣì wà bó ṣe wà ní 1975. Ìwúwo abẹ́rẹ́: giráàmù 2.0, tí a fi ìwọ̀n kékeré tó ń ka 0.01 g wọ̀n. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára òṣùwọ̀n ẹ̀yìn apá ẹ̀rọ. Àwọn kan rò pé kí abẹ́rẹ́ fúyẹ́ ló máa dáàbò bo àwo, irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù máa ń tọ sókè tọ sísàlẹ̀ nínú poro bí fèrè bá ké, ó sì ń ba ògiri poro jẹ́ ju èyí tó wúwo tó yẹ lọ. Fún apá SL-1200, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀pá àárín ní 15 mm. Ìyẹn jẹ́ 52 mm láti ibi rọ́bà ìdí orí dé ṣóńṣó abẹ́rẹ́. A gbé òṣùwọ̀n tó ń ti apá ẹ̀rọ síta (anti-skating) sí 2.

Láti tọ́ntébù, okùn lọ sínú ẹ̀rọ fóònò, kó tó dé inú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sí kọ̀ǹpútà. Ẹ má fò ó. Nígbà tí wọ́n ń gé àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n á sì gbé ti òkè ga. Ẹ̀rọ fóònò ló ń dá wọn padà, nǹkan bíi 20 dB ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Láìsí i, báàsì Phil Upchurch tó gbé Mister Magic ró á pòórá, fèrè á sì máa ha létí.

Ìkùn iná ńkọ́? Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kí ó máa lo bátìrì tirẹ̀. Èyí nìkan ló yọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìkùn tí a gbọ́. Ẹ so wáyà ilẹ̀ tọ́ntébù mọ́ ẹ̀rọ fóònò. Ẹ má gba ohùn lórí ínfátà olówó pọ́ọ́kú, ìgbì iná rẹ̀ kò yọ̀, ariwo rẹ̀ ga débi pé kò ṣeé yọ. Jẹnẹrétọ̀ tó wà nítòsí a máa mi tábìlì, abẹ́rẹ́ á sì gbọ́ ọ. Òru tí iná ìjọba bá wà ló dára jù.

Ihò àárín

Orin olóhùn gígùn ló máa ń tú àṣírí ihò tí kò sí láàrin. Lórí ìlù àti gìtá tó ń ta gẹ́gẹ́ gẹ́gẹ́, etí kì í mọ̀. Ṣùgbọ́n bí Grover bá di ohùn kan mú lórí Passion Flower, ohùn náà á máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 1.8, ìyẹn àkókò tí àwo fi ń yí lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe bó ṣe fọn ọ́n nìyẹn.

Ẹ wo apá ẹ̀rọ láti iwájú bí àwo ṣe ń yí: bó bá ń jó lọ sọ́tùn-ún lọ sósì, ihò ló fà á. Ihò tó yà kúrò láàrin ní 0.5 mm á yí ohùn padà ní 0.36% lókè lọ́hùn-ún, níbi tí poro ti jìnnà sí àárín ní 140 mm. Níbi tó jìnnà ní 60 mm, ó di 0.8%, ìyẹn sì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹmitóònù lọ. Ìdí nìyẹn tí orin ìkẹyìn lójú kọ̀ọ̀kan fi ń jìyà jù.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ ká sáńpépà nọ́ńbà 400 tóóró, ẹ fi gbo ihò náà fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní apá kan ṣoṣo, ẹ máa gbé e sórí ẹ̀rọ wò. Bí àyè bá ti wà, ẹ fi ìka ti àwo títí apá ẹ̀rọ kò fi jó mọ́, kí ẹ wá gbé ìwúwo kékeré lé àárín kó má baà ṣípò. Ẹ fẹ́ lẹ́búlẹ́bú rọ́bà kúrò kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Ojú kejì ní àárín tirẹ̀. Bí ẹ bá yí àwo padà, ẹ tún un wá.

Gbígbà sílẹ̀

24-bit, 96 kHz, nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń tún un ṣe. Ojú kìíní gba nǹkan bíi 620 MB bí ẹ bá fi pamọ́ sí WAV 24-bit, ojú kejì 520 MB. Kí góńgó ohùn má kọjá -6 dB. Kí ẹ tó ṣètò rẹ̀, ibi tó pariwo jù ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ìyẹn ibi tí fèrè àti gbogbo ẹgbẹ́ ti jọ wọlé. Ìbẹ̀rẹ̀ Mister Magic rọlẹ̀, ó máa ń tan èèyàn. Bí ohùn bá ti kan òkè nígbà tí ẹ ń gbà á, kò sí ètò tó lè dá a padà.

Ẹ gba ojú kan láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ balẹ̀ títí tó fi gbéra, ẹ má dá a dúró láàrin orin. Ẹ fi ẹ̀dà yẹn pamọ́ bó ṣe wà, kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà kejì.

Yíyọ ariwo tá-tá

Ahọ́n ìfèéfé ẹnu sakisofóònù máa ń ṣí, ó máa ń pa dé, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìgbà tó bá pa dé ni ìgbì ohùn á yọ ṣóńṣó mímú kan. Ètò tó ń yọ tá-tá, ṣóńṣó mímú ló ń wá. Ó bá ti fèrè, ó gé e. Ó bá gìtá Eric Gale tó ń ta kọ́-kọ́, ó gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó bá ọ̀pá ìlù Harvey Mason àti àwọn ohun èlò ọwọ́ Ralph MacDonald, ó gé wọn náà. Ohun tó kù á mọ́ kedere, á sì ti kú.

Bí a ṣe ń dán an wò rèé, kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ lásán. Ẹ mú ìṣẹ́jú àáyá 30 níbi tí fèrè ti le jù. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú Ctrl+D. Ẹ lo Click Removal, ètò inú Audacity tó ń yọ tá-tá, sí ọ̀kan bó ṣe wà láti ilé: 200 (Threshold) àti 20 (Max Spike Width). Ẹ lo Invert, tó ń dojú ìgbì ohùn dé, sí èkejì, kí ẹ wá jẹ́ kí méjèèjì dún pọ̀. Gbogbo ohun tó bára mu á pa ara wọn rẹ́, ohun tí ètò náà yọ nìkan lẹ ó gbọ́. Tá-tá nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Lórí ẹ̀dà yìí, ẹ ó gbọ́ Grover nínú pàǹtírí náà, tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, pẹ̀lú ìlù lẹ́yìn rẹ̀.

A gbé nọ́ńbà àkọ́kọ́ sókè sí 400, a sọ èkejì di 10, a sì lò ó fún ibi tí fèrè kò sí nìkan: àlàfo àárín orin, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ibi yòókù, ọwọ́ ló ṣe é.

Ìlà tó ha kọjá lórí Mister Magic gba poro 14, ìyẹn tá 14 láàrin nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 25. Bí ẹ bá ti rí àkọ́kọ́, ẹ ka 1.8 síwájú, ẹ ó bá èkejì níbẹ̀. Ẹ fi lébẹ́ẹ̀lì sàmì sí gbogbo wọn kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀kan. Bí ó bá bọ́ sí orí ìlù tí ẹ kò sì dá a mọ̀, ẹ yí ojú ìwòran sí Spectrogram, àwòrán tó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè hàn: tá máa ń dúró gbọnrangandan láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ọ̀pá, fèrè sì máa ń tò ní ìlà ìlà tó sùn lórí ara wọn.

Repair inú Audacity, tó ń tún ibi kékeré ṣe, kì í gbà ju sáńpùlù 128 lọ (sáńpùlù ni ìwọ̀n ohùn kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀). Ní 96 kHz, ìyẹn kò ju 1.3 ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ọ̀pọ̀ jù nínú tá náà wọ inú rẹ̀. Ẹ yan ibi tó bàjẹ́ gan-an, ẹ má fẹ̀ ẹ́ jù, nítorí ètò náà ń fi ohùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣírò ohun tó yẹ kó wà láàrin. Bí ìdọ̀tí bá wà ní òsì nìkan, ẹ kọ́kọ́ lo Split Stereo Track, ẹ tún òsì ṣe, kí ẹ wá da wọ́n pọ̀. Kò sídìí láti fọwọ́ kan ọ̀tún tí kò ṣe nǹkan kan.

Mẹ́ta nínú 14 ju sáńpùlù 128 lọ. Ohun tí a ṣe fún wọn ni pé a mú ohùn apá tó mọ́, a fi rọ́pò ti apá tó bàjẹ́ ní ibi kékeré yẹn péré. Fèrè olórí wà láàrin sípíkà méjèèjì, nítorí náà etí kì í mọ̀ bí kò bá ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ ti so ó bọ́ sí ibi tí ìgbì ti kan ìlà òdo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó fi tá tuntun rọ́pò ti àtijọ́.

Ariwo ṣẹ̀ẹ̀ ẹ̀yìn orin, a kò fọwọ́ kàn án. Noise Reduction, àní ní 6 dB, máa ń gba èémí fèrè mọ́ ọn, èémí yẹn sì wà lára ohun tí Van Gelder gbà sílẹ̀. Ohùn abẹ́ tó ń wá láti etí tó gbé sókè ni a gé, ní 20 Hz, kò sì kan báàsì.

Ìfọ́ ojú kìíní

Sípíkà ọ̀tún, òpin Passion Flower. Lókè àwo, ní etí rẹ̀, poro ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nísàlẹ̀, nítòsí bébà àárín, kò ju 21 lọ, ìgbì kan náà sì ti há mọ́ra. Àyè tó ń fọ́ náà nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín mú un dín kù gan-an, kò mú un tán: radiogíràmù kan ti jẹ ògiri ọ̀tún kọjá ibi tí a lè dé. Àwọn kan á fi ètò pa ohùn òkè rẹ́ kí ìfọ́ náà lè pamọ́. A kò ṣe é, nítorí adùn fèrè á bá a lọ. Ẹ̀dà mìíràn tó dára ni ojútùú, bí ẹ bá rí i.

Ìfipamọ́

Normalize, tó ń gbé góńgó ohùn dé ìwọ̀n tí a fẹ́, sí -1 dB, òsì àti ọ̀tún pọ̀. Bí ẹ bá ya wọ́n, ìwọ̀n tí wọ́n fi pín ohun èlò sí sípíkà á yí padà. FLAC 24/96 ni ti àpótí, MP3 320 ni ti fóònù. A gé orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀, a sì bá wọn wé àkókò tí wọ́n kọ sí àwo. Black Frost yàtọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 2, àlàfo ìparí ló fà á. Àwo fúnra rẹ̀ wà nínú bébà tuntun, ní ìnàró, kò sùn lórí àwo mìíràn, ó sì jìnnà sí ògiri tí òjò máa ń mú tutù.